Láàárín 'Fits' àti 'Feet': Fonọ́lọ́jì Yorùbá nínú Iṣẹ́ Àdàkọ Àpèkọ Àwọn Dókítà

Ìfáárà

Ilé kan ní Gbaji, lẹ́bàá òpópónà tó ti Àgbádárìgì lọ sí ẹnubodè Sèmè, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àdàkọ fún àwọn dókítà ní àkókò tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi. Àlàyé iṣẹ́ náà kò gùn. Dókítà yóò sọ ohun tó rí lára aláìsàn sínú fóònù tàbí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, yóò fi ohùn náà ránṣẹ́, adàkọ yóò gbọ́ ọ, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kí ó lè di lẹ́tà, èsì àyẹ̀wò tàbí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú. Gbígbọ́ gan-an ni iṣẹ́. Dókítà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àná kì í la ẹnu tán; jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn, òun náà sì ń sáré kí ó lè délé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi gbé aláboyún kan lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá dé ọwọ́ mi láti ilé-ìwòsàn aládàáni kan. Dókítà náà ka àwọn àmì àìsàn obìnrin náà lẹ́sẹẹsẹ: orí fífọ́, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà ni ó sọ gbólóhùn kan tí mo gbọ́ bí 'swelling of the face and feet'. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀, nítorí ojú wíwú àti ẹsẹ̀ wíwú jọ máa ń rìn pọ̀ lára aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà pè mí. Ohun tí ó sọ ni 'swelling of the face, and fits'. Gìrì ti mú obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì nílé kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́tà tí mo tẹ̀ kò sì sọ ohunkóhun nípa gìrì. Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé aláìsàn náà lọ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn tó gbà á sílé ìwòsàn.

Àṣìṣe lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ni èyí. Láìsí gìrì, pre-eclampsia ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn náà. Bí gìrì bá ti wọ̀ ọ́, ó ti di eclampsia, ọ̀kan lára àwọn ohun tó ń pa aláboyún jù lọ ní ilẹ̀ wa. Mo tún ohùn náà gbọ́ títí tí ó fi sú mi. Ní ìparí gbólóhùn náà, s kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn.

Kí ló dé tí n kò fi gbọ́ ọ? Ìbéèrè yìí ni àròkọ yìí dá lé. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé àpèkọ tí kò já geere kì í ṣe ariwo lásán. Ó ní òfin, òfin náà sì wà nínú fonọ́lọ́jì èdè abínibí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ti ẹni tó ń gbọ́ ọ. Adàkọ tó bá mọ òfin náà lè gba ibi ohun tó gbọ́ padà sí ohun tí dókítà ní lọ́kàn. Òfin kan náà yìí ló sì ń fi hàn wá ibi tí ọ̀nà ti dí pátápátá, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa méfò.

Etí tó gbọ́, ọwọ́ tó kọ

Kí ẹnìkan máa sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́ kì í ṣe ohun tuntun ní etíkun yìí. Àgbádárìgì ni Àjàyí Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí ní oṣù January 1845, ibẹ̀ ni Crowther sì wà títí di 1846 kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ṣí fún wọn. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843. Ohun tó dojú kọ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí dé ìpàdé tí CMS ṣe ní Èkó ní 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá, ni ohun tó ṣì ń dojú kọ adàkọ òde òní: ìró wo ni mo gbọ́, kí ni mo sì máa fi kọ ọ́ tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò fi mọ ohun tí wọ́n sọ?

Ní Amẹ́ríkà ni àdàkọ ìṣègùn ti gbilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Àwọn adàkọ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1978, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Association for Healthcare Documentation Integrity ní 2007. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì fi ń kọ ìwé aláìsàn. Ibi èsì àyẹ̀wò àwòrán àti lẹ́tà tí a fi ń gbé aláìsàn láti ọ̀dọ̀ dókítà kan sí òmíràn ni mo ti bá àpèkọ pàdé jù.

Ìró tí Yorùbá kò ní

Kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní. Kò sí v láàárín wọn, kò sí z, kò sí ìró tó bẹ̀rẹ̀ 'thigh', kò sì sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ 'chin'. Bí Yorùbá bá pàdé ìró tí kò ní, èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ ni ó máa fi rọ́pò rẹ̀: f dípò v, s dípò z, t dípò ti 'thigh', ṣ dípò ti 'chin'. Ẹni tó bá ti kọ́ nípa ọ̀rọ̀ àyálò ti mọ èyí láti inú ṣọ́ọ̀ṣì àti físà. Ohun tí a kì í sábà rò ni ohun tí ìrọ́pò náà ń ṣe sí ara ènìyàn.

Ẹ wo 'chin' àti 'shin'. Àgbọ̀n ni ti àkọ́kọ́, ojúgun ni ìkejì. Nígbà tí ìró méjèèjì bá di ṣ, àgbọ̀n àti ojúgun ti di ọ̀kan náà lẹ́nu dókítà. Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú ní òpópónà Sèmè, tí ihò inú rẹ̀ kò lóǹkà, sì lè fi ibi méjèèjì gbọgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Bí dókítà bá ní òun rán ọgbẹ́ kan ní 'shin', adàkọ ní láti wá ẹ̀rí mìíràn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé ó mẹ́nu ba eyín tàbí ètè lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ó ní kí wọ́n ya àwòrán ẹsẹ̀? Ẹ̀rí tó ti ràn mí lọ́wọ́ jù ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, 'left' tàbí 'right'. Ojúgun méjì ni ènìyàn ní, àgbọ̀n kan ni. Dókítà tó bá sọ 'left' ti sọ ojúgun.

'Vocal' àti 'focal' náà ń bára wọn jà bẹ́ẹ̀. Àwọn okùn ohùn tó wà nínú ọ̀fun ni ti àkọ́kọ́ sábà máa ń tọ́ka sí, ìkejì ń tọ́ka sí ohun tó wà lójú kan ṣoṣo. Bí a bá gbọ́ 'focal cord', àtúnṣe kò le, nítorí kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ara. Bí ó bá jẹ́ 'focal lesion' ni a gbọ́ nínú èsì àyẹ̀wò ọ̀fun, ọ̀rọ̀ ti di méjì.

Ní Gbaji, ìṣirò yìí kò dúró bẹ́ẹ̀. Èdè Ògù, tí àwa Yorùbá máa ń pè ní Ègùn, ní v, ó sì ní z. Vi ni ọmọ, azọn ni àìsàn; Zangbeto tí Yorùbá ń pè ní Sàngbétò, z ni àwọn tó ni ín fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dókítà tó ti ń sọ Ògù láti kékeré kì í sọ 'vocal' di 'focal'. Bí mo bá gbọ́ f lẹ́nu rẹ̀, f ni. Lẹ́nu ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, ṣ fúnra rẹ̀ lè di s, tí 'shock' yóò fi di 'sock'. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ahọ́n Nàìjíríà jẹ́ ẹyọ kan. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi tí ohùn àjèjì bá dé ni pé, ọmọ ibo ni ẹni yìí, èdè wo ni wọ́n fi tọ́ ọ? Orúkọ tó wà lórí lẹ́tà kì í tó fún ìdáhùn. Mo mọ dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n Ògù ni ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ.

Bí s ṣe sọnù

Mo padà sí aláboyún yẹn. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní, i kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn. Gẹ̀ẹ́sì ya i ti 'fit' sọ́tọ̀ kúrò lára i ti 'feet', gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ya 'hip' kúrò lára 'heap'. Yorùbá kò yà wọ́n. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ láàárín 'fits' àti 'feet' ti lọ nìyẹn.

Ó ku ìkejì, èyí tí í ṣe s tó kẹ́yìn. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, a kò sì ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. 'Fits' ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí. Ẹnu tó ń yára yóò yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì: kí ó fi fáwẹ̀lì bọ àárín wọn, tàbí kí ó pa ọ̀kan jẹ. Dókítà tó ti kàwé kì í sábà fi fáwẹ̀lì bọ̀ ọ́, ojú ń tì í. Ìpajẹ ló máa ń yàn, tàbí kí ó pe s náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti èdè rárá. Ọ̀nà tẹlifóònù ti àtijọ́ kì í gbé ìró tó ga ju nǹkan bí 3400 Hz lọ, bẹ́ẹ̀ òkè ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ìró s wà. Ohùn tó bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá ti fi púpọ̀ nínú s rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà. Ohun tí ẹnu dá sí, wáyà a gbà á.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni etí tèmi wá gba iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni 'face and', èyí tó ń pe ẹ̀yà ara mìíràn kí ó wá tẹ̀ lé e. Mo ti tẹ 'face and feet' nínú lẹ́tà aláboyún tó pọ̀. Etí mi kò dúró de ìró. Ó ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Ǹjẹ́ ẹ̀rí kan wà tí ǹ bá fi mọ̀? Mo wá a lẹ́yìn ọjọ́ náà. Dókítà náà ní wọ́n ti fún obìnrin náà ní magnesium sulphate, mo sì kọ́kọ́ rò pé ìyẹn ni ǹ bá fi mọ̀ pé gìrì wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Magpie, tí àbájáde rẹ̀ jáde nínú Lancet ní 2002, fi hàn pé oògùn náà ń dín ewu gìrì kù sí nǹkan bí ìdajì lára àwọn aláboyún tó ní pre-eclampsia. Nítorí náà, wọ́n ń fún ẹni tí gìrì ti mú, wọ́n sì ń fún ẹni tí kò tíì mú. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà ni ìdánudúró díẹ̀ lẹ́yìn 'face', èyí tó fi hàn pé 'fits' kò sí lábẹ́ 'swelling of'. Ìdánudúró náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá sọ pé adàkọ tó gbọ́n ni yóò gbọ́ ọ, irọ́ ni mo pa. Ohun tí adàkọ tó gbọ́n yóò ṣe ni kí ó mọ̀, kí ó tó tẹ lẹ́tà kan, pé lẹ́nu Yorùbá, ibi yìí jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti ń pàdé, kí ó sì dúró.

Mẹ́jọ tàbí ọgọ́rin

Ní 2008, obìnrin kan tó ní àtọ̀gbẹ kú ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Ẹyọ insulin 8 ló yẹ kí wọ́n fún un. Ìwé tó tẹ̀ lé e jáde ní ilé-ìwòsàn ní 80. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Íńdíà ni wọ́n gbé iṣẹ́ àdàkọ ìwé náà fún. Ní 2012, ìgbìmọ̀ adájọ́ ẹlẹ́ni méjìlá ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 140 dọ́là fún ẹbí rẹ̀.

N kò mẹ́nu ba ọ̀ràn yìí láti fi bú àwọn ará Íńdíà. Mo mú un wá nítorí pé 'eight' àti 'eighty' ni ibi tí fonọ́lọ́jì Yorùbá ti burú jù lọ fún adàkọ. Nínú ọ̀rọ̀ àyálò, bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fi kọ́ńsónáǹtì parí, a máa ń fi fáwẹ̀lì kún un, fáwẹ̀lì náà a sì sábà gba ohùn ìsàlẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, báàgì, kéèkì. 'Eight' yóò di éètì. 'Eighty' ní i tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun náà yóò di éétì. Àwọn nọ́ńbà yòókù kò bọ́ sínú kòtò yìí; 'six' àti 'sixty', 'nine' àti 'ninety' ṣì ní ohun tó yà wọ́n. Mẹ́jọ àti ọgọ́rin nìkan ni ó kù tí ohùn fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ń dáàbò bò. Dókítà lè má sọ éètì gbangba ní iwájú ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀. Ní aago mẹ́ta òru, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà.

'Fifteen' àti 'fifty' tún jẹ́ irú mìíràn. N ti 'fifteen' kì í sábà dúró bí kọ́ńsónáǹtì lẹ́nu Yorùbá. Ó máa ń wọ inú fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀, a sì di àránmúpè. Bí ohùn náà kò bá mọ́, ìránmú yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọnù. Níbí yìí, èdè wa fúnra rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Nínú ọ̀rọ̀ àyálò, sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì bá tẹnu mọ́ ni a máa ń fún ní ohùn òkè, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe hàn nínú tísà àti dókítà. 'Fifty' ń sọ̀kalẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń parí. 'Fifteen' ń gòkè sí sílébù tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi etí Yorùbá gbọ́ orin inú nọ́ńbà náà lè mọ èyí tó jẹ́, kódà bí ìránmú bá ti lọ. Wọ́n máa ń gba adàkọ tuntun níyànjú pé kí ó dín eré ohùn kù. Ó dára fún kọ́ńsónáǹtì. Nígbà tí mo bá ń wá ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, eré tí dókítà fi sọ ọ́ ni mo máa ń fi gbọ́ ọ, nítorí pé orin tí a fà gùn kì í dùn mọ́ etí bí orin mọ́.

Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ahọ́n Yorùbá ń fa wàhálà. Àwọn tó ń kọ́ni ní àdàkọ ní òkè òkun máa ń kìlọ̀ gidigidi nípa 'hypo' àti 'hyper', nítorí pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ máa ń gbé fáwẹ̀lì tó kẹ́yìn mì. Yorùbá kì í gbé fáwẹ̀lì mì bẹ́ẹ̀. Sílébù kọ̀ọ̀kan ló ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Háípò kò jọ háípà. Bákan náà ni Losec, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Prilosec ní Amẹ́ríkà ní 1990 nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣì í mú fún Lasix. Lẹ́nu Yorùbá, ọ àti a, ẹ àti i kì í dàrú mọ́ra, orúkọ méjèèjì sì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ka ahọ́n wa sí àbùkù nìkan kò tíì fetí sí i dáadáa.

Nígbà tí òye bá ń tan ni jẹ

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé kí adàkọ lo àyíká ọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni, títí dé ibìkan. 'Ileum' ni apá kan nínú ìfun, 'ilium' ni egungun ìbàdí. Ẹnikẹ́ni lágbàáyé ìbáà pè wọ́n, ìró kan náà ni. Dókítà tó bá ń sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru kò lè máa sọ nípa egungun. Àyíká ọ̀rọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ohun tí àyíká ọ̀rọ̀ ń sọ fún wa ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí fún obìnrin yìí. Ẹsẹ̀ wíwú wọ́pọ̀ ju gìrì lọ, nítorí náà adàkọ tó bá ń fi ohun tó wọ́pọ̀ méfò yóò gbà á lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí yóò sì kùnà ni ìgbà tí aláìsàn wà nínú ewu jù. Ìdí nìyí tí òfin ẹgbẹ́ àwọn adàkọ fi ní kí adàkọ fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí kò bá dá a lójú, kí ó kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ohùn, kí ó sì dá a padà fún dókítà. Ó ṣòro fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti nà rí nítorí àpèkọ kì í fẹ́ fi àlàfo sílẹ̀; lójú rẹ̀, àlàfo ni òdo. Ó ti pẹ́ kí n tó gbà pé lẹ́tà tó ní àlàfo mẹ́ta dára ju èyí tó pé pérépéré tó ní irọ́ kan nínú.

Ẹ̀rọ kò mọ̀ bí a ṣe ń fi àlàfo sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù mi wà. Ẹ̀rọ Whisper ti ilé-iṣẹ́ OpenAI jáde ní 2022. Ní 2024, àwọn olùwádìí gbé àbájáde kan jáde pé nínú nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ohùn tí wọ́n fún un, ó kọ odidi gbólóhùn tàbí àpólà tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ohun tí mo ṣe pẹ̀lú 'feet' ni ẹ̀rọ náà ń ṣe: ó ń tẹ̀ lé ohun tó wọ́pọ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan ṣe sí apá ti ahọ́n. AfriSpeech-200, tí Tobi Olatunji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023, kó 200 wákàtí Gẹ̀ẹ́sì jọ lẹ́nu àwọn ènìyàn 2,463 láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 13, ahọ́n 120 ló sì wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣègùn sì jẹ́ ara ohun tí wọ́n kà. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ti gbọ́ ahọ́n Yorùbá dáadáa ṣì máa bá 'fits' tí s rẹ̀ ti sọnù pàdé, mo sì fẹ́ mọ ohun tí yóò kọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn

Ibìkan wà tí adàkọ Yorùbá kò ní orogún. Dókítà tó dára máa ń fi ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́: ìyá ní gìrì mú ọmọ òun, bàbá ní jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu, ìyàwó ní àyà òun ń já. Adàkọ tí kò gbọ́ Yorùbá lè sọ gìrì di orúkọ ènìyàn. Èyí tó gbọ́ díẹ̀ lè túmọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì burú jù. Jẹ̀díjẹ̀dí kì í ṣe ohun tí oníṣègùn òyìnbó ń pè ní haemorrhoids nìkan. 'Àyà mi ń já' kì í ṣe ìrora, ìbẹ̀rù ni, bẹ́ẹ̀ 'àyà ń dùn mí' lè jẹ́ ọkàn tó fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo máa ń kọ wọ́n ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn wọn, mo sì ń fi ìtumọ̀ sílẹ̀ fún dókítà.

Láti inú èyí ni àtúnṣe tí dókítà àkọ́kọ́ yẹn ṣe ti wá. Kò bú mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà lọ, bí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ tó lè di méjì, yóò sọ ti Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì fi ti Yorùbá lé e: 'fits, gìrì', 'shin, ojúgun'. Ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì tó jọra kì í sábà jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó jọra, nítorí náà èdè kan ń ṣọ́ ẹ̀yìn èkejì. Àwọn nọ́ńbà náà gbà á. 'Eight' àti 'eighty' jọra, mẹ́jọ àti ọgọ́rin kò jọ ara wọn rárá. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti àádọ́ta.

A gbádùn rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì kí Yorùbá náà tó fi tirẹ̀ hàn wá. Ó sọ nọ́ńbà kan lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ sì bo àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni 16, mẹ́rìnlélógún ni 24. Sílébù kan, dín tàbí lé, ló yà wọ́n. Mo fi àlàfo sílẹ̀, mo kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sí i, mo sì pè é. Ó ní, 'Ẹ kọ one, six.'